Koríko ẹ̀gbọ́n mi tí a rò pé ooru ti pa tán: bó ṣe lọ látìbẹ̀rẹ̀

Mo fẹ́ kọ bí ọ̀rọ̀ koríko iwájú ilé ẹ̀gbọ́n mi kan ṣe lọ nígbà ooru tó kọjá sílẹ̀ látòkè délẹ̀, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i yẹn náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní lọ́ọ̀nù. Wọ́n á jí lọ́jọ́ kan, wọ́n á rí i pé koríko ti gbẹ háúháú, ọkàn wọn ò ní balẹ̀ mọ́, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í da gbogbo ohun tó bá wà lọ́wọ́ wọn lé e lórí, omi, ajílẹ̀, oògùn kòkòrò, tó bá wá kú lóòótọ́ wọ́n á ní ooru ló pa á. Èmi ò gbà pé ooru ló ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ìkánjú wa ló ń pa wọ́n, torí a ti gbà lọ́kàn pé gbogbo koríko tó bá ti gbẹ, òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, a ò sì ní bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ká wò ó dáadáa.

Lọ́ọ̀nù tí mò ń sọ yìí, mítà 12 ní gígùn, mítà 10 ní fífẹ̀, ìyẹn 120 sukúwíà mítà. Irú koríko tó wà níbẹ̀ ṣe pàtàkì gan-an nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi í sọ́kàn: Kentucky bluegrass ló pọ̀ jù, perennial ryegrass díẹ̀ wà láàárín ẹ̀, igun kan sì wà lápá ọ̀tún lábẹ́ igi tó jẹ́ tall fescue nìkan. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, koríko ilẹ̀ tútù ni wọ́n, ibi tí ara ti máa ń tù wọ́n jù ni 15 sí 24°C. Tí ooru bá ti ń kọjá 30°C tí kò sì fẹ́ lọ, ara wọn ò ní yá mọ́, gbòǹgbò wọn á máa kúrú sí i nínú ilẹ̀, oúnjẹ tí wọ́n ń fi oòrùn sè ò ní tó èyí tí wọ́n ń jẹ. Wọn ò dà bíi bermudagrass tàbí zoysia tó jẹ́ pé 27 sí 35°C gan-an ni ayé wọn ń dùn. Ẹni tó bá ní bermudagrass tó ń ka èyí, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo máa ní ká má ṣe níbí lẹ lè ṣe ní tiyín, pàápàá ọ̀rọ̀ ajílẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi èèyàn ni pé irú koríko wo lẹ ní? Tí kò bá mọ̀, a ó kọ́kọ́ wádìí ìyẹn ná.

Àárọ̀ Sátidé kan ni ẹ̀gbọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Kò kí mi pàápàá, ohun tó kọ sábẹ́ ẹ̀ ni "Àbúrò, koríko ti kú o. Wá wò ó kí n tó hú gbogbo ẹ̀ dànù." Mo mọ̀ pé ó dùn ún. Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi gbìn ín ní ọdún 3 sẹ́yìn, ìka ló fi ń fa èpò inú ẹ̀ tu níkọ̀ọ̀kan, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò lè máa wo ilẹ̀ búráùn látojú fèrèsé kó má dùn ún.

Mo pè é lójú ẹsẹ̀. Mo ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì hú nǹkan kan, ẹ má sì bomi sí i lálẹ́ òní, mò ń bọ̀ ní ìdájí ọ̀la."

Ó ní "Kí n má bomi sí i kẹ̀? Nínú ooru yìí?"

Mo ní alẹ́ kan ṣoṣo ni sà. Mo wá ní kó sọ gbogbo ohun tó ti ṣe sí koríko yẹn fún mi láti ọ̀sẹ̀ 3 sẹ́yìn, kó má yọ ìkankan sílẹ̀, kódà èyí tó bá rò pé kò já mọ́ nǹkan kan.

Ohun tó sọ rèé. Kí ooru tó bẹ̀rẹ̀ ló ti gé koríko mọ́lẹ̀ gan-an, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3, kó lè pẹ́ kó tó tún máa gé e nínú oòrùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ooru dé, ọjọ́ 9 gbáko tí ọ̀sán ò kúrò ní 33 sí 35°C, òru pàápàá ò tutù, 22°C ló ń dúró sí. Lálaalẹ́ tó bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, ó máa tan sípírínkílà fún ìṣẹ́jú 10, ó máa rí i pé koríko tutù, ó máa pa á, ó máa wọlé. Nígbà tó rí i pé koríko ṣì ń pọ́n, ó ní bóyá ebi ló ń pa á, ó ra ajílẹ̀ tó kún fún náítírójìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ fọ́n ọn láti ẹnu ọ̀nà, àpò náà sì tán kó tó dé ìdajì. Abẹ ẹ̀rọ tó fi ń gé koríko, kò rántí ìgbà tó pọ́n ọn kẹ́yìn.

Ẹ ò rí i pé kò sí ìkankan níbẹ̀ tó jẹ́ ọ̀lẹ tàbí àìbìkítà. Ẹni tó fẹ́ràn nǹkan ẹ̀ ló ṣe gbogbo ìyẹn.

Aago 6 àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo débẹ̀, mo mú agolo òfìfo 6 tí wọ́n dọ́gba dání, sikudiráfà gígùn kan, ọ̀bẹ, àti tépù. Mo fẹ́ dé kí oòrùn tó gbé ìrì lọ torí àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ pé ìrì nìkan ló máa fi hàn yín, tó bá ti di aago 9 wọ́n ti pòórá. Mi ò kọ́kọ́ fọwọ́ kan nǹkan kan, mo kàn ń rìn yí i ká lórí símẹ́ńtì. Láti inú fọ́tò, búráùn kan náà ni gbogbo ẹ̀. Nígbà tí mo dúró tì í, mo rí i pé ọ̀nà mẹ́rin ló gbà gbẹ, ìkankan ò sì jọ ìkejì.

Àárín pápá, ibi tó fẹ̀ jù, gbẹ lọ gbaragada, àwọ̀ ẹ̀ dọ́gba látòkè délẹ̀ bíi koríko tí wọ́n fi ń bo ilé. Mo kúnlẹ̀, mo fi ìka ya koríko sọ́tọ̀ bí onídìrí ṣe ń ya irun kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì í, mo wá ń wo ìsàlẹ̀, ibi tí ewé àti gbòǹgbò ti pàdé. Ibẹ̀ ni ẹ̀mí koríko wà. Ewé lè gbẹ kó máa hó ràkàràkà lábẹ́ ẹsẹ̀, tí ibẹ̀ yẹn ò bá tíì gbẹ, koríko ò tíì kú. Mo gbá ẹ̀kúnwọ́ kan mú, mo fà á, kò wá. Mo fà á ní ibi 5 míì, kò wá. Mo wá fi ọ̀bẹ gé ìdí kan yọ, mo fi èékánná bó o, ewé òde ti rí bíi bébà, èyí tó tẹ̀ lé e náà rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n inú lọ́hùn-ún funfun bí òwú, ó le, ó tún tutù díẹ̀. Mo pe ẹ̀gbọ́n wá, mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó ní "Ṣé ìyẹn ni pé kò kú?" Mo ní ó ń sùn ni.

Bluegrass máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ooru àti ọ̀gbẹlẹ̀ bá pàdé, á jẹ́ kí ewé òkè lọ kó lè gba ìdí là, á kó ìwọ̀nba agbára tó ní pa mọ́ sísàlẹ̀ àti sínú àwọn iṣan tó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, ibẹ̀ ló máa ti tún yọ tí ilẹ̀ bá tutù. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 láìrí omi rárá kó má kú. Kì í ṣe àìsàn.

Ibi kejì ni igun abẹ́ igi yẹn, ti tall fescue. Gbígbẹ ibẹ̀ ò dọ́gba, òbìrípo ni, ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, òmíì tó 60, etí wọn dúdú bí ìgbà tí èéfín bá kọjá níbẹ̀. Nínú ìrì àárọ̀ yẹn, mo rí nǹkan funfun fúlẹ́fúlẹ́ bí òwú aláǹtakùn lára ewé, ìyẹn gan-an ni mo torí ẹ̀ tètè dé. Mo já ewé kan, ó ní ojú àpá tí àárín ẹ̀ ṣá tí etí ẹ̀ sì jẹ́ búráùn tó dúdú. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ni, èyí tí wọ́n ń pè ní brown patch, Rhizoctonia ló ń fà á. Ohun tó fẹ́ràn kò pọ̀: kí òru má tutù ju 20°C lọ, kí ewé wà ní tútù fún wákàtí 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí náítírójìn pọ̀ níbẹ̀. Ẹ tún wá wo ohun tí ẹ̀gbọ́n ń ṣe. Òru 22°C. Omi ní aago 8 alẹ́, kò sí oòrùn tó máa gbẹ ẹ́ títí di aago 8 àárọ̀, abẹ́ igi sì nìyẹn. Wákàtí 12 lójoojúmọ́ la fi ń tẹ́ ibùsùn fún un.

Ẹnu ọ̀nà níbi tí ajílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Gbígbẹ ibẹ̀ rí bí ọwọ́ ẹni tó ń fọ́n nǹkan, ó lọ ní ìlà tó tẹ̀ kọrọdọ, tẹ̀ kọrọdọ, èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí ibi tó dúró sí tó ń jù ú. Iyọ̀ ni ajílẹ̀ jẹ́ lára koríko, tó bá pọ̀ níbì kan tí omi ò sì tó láti wẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀, ńṣe ló máa ń fa omi jáde lára gbòǹgbò. Nígbà tí mo fa ti ibẹ̀, ó tẹ̀ lé ọwọ́ mi wá wẹ́rẹ́, ìdí ẹ̀ ti di búráùn látòde dé inú. Ìyẹn ti kú.

Ìkẹrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé, ó gùn tó mítà 4, kò fẹ̀ ju mítà 1 lọ. Ẹ̀gbọ́n ní ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbẹ lọ́dọọdún, òun sì máa ń fún un lómi ju ibòmíì lọ. Mo ki sikudiráfà bọ ilẹ̀, ó lọ sẹ̀ǹtímítà 5, ó dún kọ́. Mo sún un síwájú, kọ́. Mo gbẹ́ ibẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù ni, èyí tí àwọn tó kọ́lé kó dà síbẹ̀ tí wọ́n sì da iyẹ̀pẹ̀ lé lórí. Ilẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 5, omi wo ló máa gbà dúró? Odidi ọdún 3 ló fi ń bomi rin búlọ́ọ̀kù.

Mo tún yẹ kòkòrò wò kí n má bàa ṣì í. Mo fi ọ̀bẹ gé ilẹ̀ níbi mẹ́ta, sẹ̀ǹtímítà 30 lọ́nà kọ̀ọ̀kan, mo ṣí i bí ẹni ṣí kápẹ́ẹ̀tì, mo ń wá ìdin funfun tó máa ń ká kò bíi lẹ́tà C tó ń jẹ gbòǹgbò. Mo rí 2 níbì kan, mi ò rí rárá ní méjì tó kù. Tó bá tó 10 níbì kan ṣoṣo, àá sọ̀rọ̀ oògùn. 2 ò tó nǹkan, mo dá ilẹ̀ padà, mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, mo bomi sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn la wá dé orí ọ̀rọ̀ omi, ibí sì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí, torí òun ló ya ẹ̀gbọ́n fúnra ẹ̀ lẹ́nu jù. Mo gbé agolo 6 yẹn kalẹ̀ káàkiri, mo ní kó tan sípírínkílà bó ṣe máa ń tàn án gan-an, ìṣẹ́jú 10. Nígbà tó pa á, a fi tépù wọn omi inú agolo kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin ní mìlímítà 3. Ìkan ní 4. Èyí tó wà ní òpin ọ̀hún ní 1 péré. Ká pè é ní 3. Mìlímítà 1 omi lórí sukúwíà mítà 1, lítà 1 ni, torí náà lítà 360 ló ń lò lálẹ́ kan, alẹ́ 7 sì jẹ́ lítà 2,520, ìyẹn mìlímítà 21 lọ́sẹ̀. Koríko yìí ò nílò ju bíi mìlímítà 25 lọ lọ́sẹ̀ nínú ooru kó lè máa tutù yọ̀yọ̀, ká sì ka òjò mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n ṣírò ẹ̀ lórí fóònù, ó tún un ṣírò, ó ní "Àbúrò, omi tí mò ń dà ò kéré nìyẹn!" Mo ní kò kéré rárá. Bẹ́ẹ̀ ẹ ki sikudiráfà yìí bọlẹ̀ láàárín pápá. Ó kì í, ó wọ sẹ̀ǹtímítà 3, ó dúró. Lábẹ́ ibẹ̀, eruku ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé mìlímítà 3 ò lè wọlé lọ síbì kan. Ewé á mu díẹ̀, òkè ilẹ̀ á tutù díẹ̀, oòrùn ọjọ́ kejì á sì gbé e lọ kí gbòǹgbò tó gbọ́. Lálaalẹ́ ló ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò á sì máa sún mọ́ òkè níbi tí omi wà, ibẹ̀ gan-an ni ooru ti pọ̀ jù. Ká sọ pé mìlímítà 12 la dà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tá a tún da 12 míì lọ́jọ́ kẹrin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi kan náà, owó kan náà, ṣùgbọ́n yóò wọlé jìn ju ti mìlímítà 3 lọ dáadáa. Pẹ̀lú sípírínkílà tiẹ̀, ìṣẹ́jú 40 ni mìlímítà 12. Ilẹ̀ wọn ibẹ̀ sì jẹ́ amọ̀, tí èèyàn bá tan 40 lẹ́ẹ̀kan náà omi á ti máa ṣàn lọ sórí símẹ́ńtì, torí náà 20 ni, a ó dúró wákàtí kan, a ó tan 20 míì. Láàárọ̀ ni o, láàárín aago 4 sí aago 9, kí oòrùn lè gbẹ ewé kíákíá. Ẹnì kan ti sọ fún ẹ̀gbọ́n pé omi àárọ̀ máa ń di gíláàsì lórí ewé tí oòrùn á fi jó o, ìyẹn ló ṣe ń bomi lálẹ́. Kì í ṣe òótọ́, omi kì í jó koríko bẹ́ẹ̀.

Ibi tí a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe àríyànjiyàn nìyí. Nínú ooru, ọ̀nà méjì ló wà fún bluegrass: kí èèyàn fún un ní mìlímítà 25 lọ́sẹ̀ láìṣẹ́jú, kó máa wà ní tútù, tàbí kó jẹ́ kó sùn, kó máa fún un ní bíi mìlímítà 12 ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 kí ìdí má gbẹ. Èyí tí kò dáa ni kéèyàn wà láàárín, kó jẹ́ kó sùn, kó tún dà á lómi tó máa jí i, kó tún pa á tì. Gbogbo ìgbà tó bá jí, inú agbára tó kó pa mọ́ ló ń ná, tí ìyẹn bá tán, kò ní rí nǹkan fi hù nígbà tí ara bá tù. Lọ́ọ̀nù ẹ̀gbọ́n ti sùn ná, asọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ sì fi hàn pé ooru ṣì wà níwájú. Mo ní ká jẹ́ kó sùn.

Ó dákẹ́. Ó ní "Ṣé kí n kàn máa wò ó báyìí ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, mo mọ̀ pé kò rọrùn. Mi ò sọ ọ́ kó lè rọrùn fún un o, mo mọ̀ pé fún ẹni tó bá fẹ́ràn nǹkan, kó jókòó kó má ṣe nǹkan kan ló le jù.

Ó gbà. A wá pín iṣẹ́. Ẹnu ọ̀nà níbi ajílẹ̀, a da omi tó pọ̀ síbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, mìlímítà 25 ní ẹ̀ẹ̀mejì, kó lè wẹ iyọ̀ tó kù wọlẹ̀ kó má bàa ràn mọ́ ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Kò sí ajílẹ̀ mọ́ títí ara á fi tù. Ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo ní kó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, a máa hú àfọ́kù yẹn tí ooru bá lọ. Ẹ̀rọ ìgékoríko, mo tú abẹ ẹ̀, etí ẹ̀ ti yí bí etí ṣíbí. Tí abẹ ò bá mú, kì í gé ewé, ńṣe ló ń ya á, ẹ máa rí i pé orí ewé á funfun, á já jálajàla, ibẹ̀ sì lomi ti ń jáde, ibẹ̀ làrùn ń gbà wọlé. A pọ́n ọn, a gbé ẹ̀rọ sókè sí sẹ̀ǹtímítà 9, ṣùgbọ́n a ò gé nǹkan kan, koríko tó ń sùn kò ga, táyà ẹ̀rọ nìkan ló máa tẹ̀ ẹ́ pa. Àwọn àga rọ́bà tó wà lórí pápá, a kó wọn kúrò, tapólì tó tẹ́ síbẹ̀ náà kúrò, ọ̀sán kan ṣoṣo lábẹ́ tapólì nínú 34°C ti tó láti se koríko. Mo sì bẹ̀ ẹ́ kí ẹnikẹ́ni má rìn lórí ẹ̀ láìnídìí. Koríko tó ń sùn ò lè dìde tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ojú ẹsẹ̀ yẹn ló máa wà níbẹ̀.

Ti abẹ́ igi, mo ní kí omi dúró pátápátá kí fọ́ńgọ́ọ̀sì lè rọlẹ̀, kó sì máa fi ọ̀pá tín-ín-rín kan gbọn ìrì kúrò lórí ẹ̀ láràárọ̀. A ò ra oògùn. Tí ewé bá gbẹ tí náítírójìn ò sì sí, brown patch máa ń dúró fúnra ẹ̀, ewé ló sábà máa ń jẹ, kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ìdí. Gbogbo ìyẹn sì rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ 6 òwú funfun ò sí nínú ìrì mọ́, òbìrípo ò fẹ̀ sí i.

Ibẹ̀ ni mo ti wá ṣe àṣìṣe tèmi, mo sì fẹ́ sọ ọ́ torí ẹlòmíì lè ṣe irú ẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé fescue kì í ṣe bluegrass. Fescue ní gbòǹgbò tó jìn, ó máa ń fara da ooru ju bluegrass lọ tó bá ṣì ń rí omi nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ oorun sùn bíi ti bluegrass, kò sì ní iṣan abẹ́ ilẹ̀ tó pọ̀ tó máa fi tún yọ. Ìdì ìdì ló ń hù, èyí tó bá kú ti kú, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ò ní wá bo ojú ibẹ̀. Igi yẹn náà sì ń mu omi lábẹ́ ilẹ̀ kan náà. Ó yẹ kí n ti ní kí ẹ̀gbọ́n máa fún igun yẹn ní omi tó jìn láàárọ̀ gbàrà tí fọ́ńgọ́ọ̀sì dúró. Mi ò sọ ọ́, ó sì ń tẹ̀ lé ohun tí mo sọ. Ọ̀sẹ̀ 3 kọjá kí n tó padà dé ibẹ̀, mo fa fescue, ìdì kan tẹ̀ lé ọwọ́ mi, ìkejì tẹ̀ lé e. Àwọn tó wà lọ́nà jíjìn sí igi ṣì ń gbéra, ṣùgbọ́n nǹkan bíi sukúwíà mítà 5 ti lọ. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n lójú ẹ̀ pé èmi ni mo fà á. Ó ní "Àbúrò, èmi ì bá ti hú gbogbo ẹ̀." Kò tù mí nínú. Àtọjọ́ yẹn ni igun yẹn ti ń gba mìlímítà 12 tiẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, èyí tó kù níbẹ̀ sì tutù títí ooru fi lọ.

Ti àárín pápá, a ò ṣe nǹkan míì. Ẹ̀ẹ̀mejì péré la bomi sí i láàárín ọ̀sẹ̀ 5, mìlímítà 12 nígbà kọ̀ọ̀kan. Kò yí àwọ̀ padà, a ò sì retí pé kó yí i. Ẹ̀gbọ́n máa ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ní kó fà á, ó máa ní òun fà á kò wá, mo máa ní ó dáa.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, òru bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ sí 15°C. Òjò kan wá rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ mọ́jú, ẹ̀gbọ́n ti fi agolo kan sílẹ̀ níta látìgbà yẹn, ó wọ̀n ọ́n láàárọ̀, mìlímítà 19. Ọjọ́ 9 lẹ́yìn ẹ̀ mo lọ síbẹ̀. Tí èèyàn bá dúró lọ́nà jíjìn búráùn ló ṣì máa rí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ tí mo ya ewé gbígbẹ sọ́tọ̀, ewé tuntun ti yọ láti ìsàlẹ̀, ṣóńṣó, tútù, káàkiri. Láàárín ọ̀sẹ̀ 3 ewé gbígbẹ ti rì sábẹ́ ẹ̀. Ryegrass tó wà láàárín ò padà bọ̀ tán, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ fẹ́lẹ́ díẹ̀, bluegrass ló ń rìn lọ bá a nísinsìnyí.

Ohun tó kú lápapọ̀ nínú 120, bíi 3 sukúwíà mítà lẹ́nu ọ̀nà, 5 lábẹ́ igi, 4 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ilẹ̀ ti tutù, ìgbà yẹn ló dáa jù láti gbin irú koríko yìí. A hú àfọ́kù búlọ́ọ̀kù jáde, ó pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, a da ilẹ̀ tó dáa dí i tó sẹ̀ǹtímítà 20. A lu ihò sí gbogbo pápá kí amọ̀ yẹn lè mí. A fọ́n fescue sí abẹ́ igi, gíráàmù 35 fún sukúwíà mítà 1, a fọ́n bluegrass sí ẹnu ọ̀nà àti ẹ̀gbẹ́ ògiri, gíráàmù 12, torí hóró tiẹ̀ kéré gan-an. Ajílẹ̀ náà wọlé nígbà yẹn, díẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fọ́n ọn dọ́gba. Omi ti hóró tuntun sì yàtọ̀ sí gbogbo ohun tí mo ti sọ bọ̀, díẹ̀díẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, kí òkè ilẹ̀ má ṣáà gbẹ, torí kò tíì ní gbòǹgbò tó máa fi wá omi lọ sísàlẹ̀.

Fescue yọ lọ́jọ́ kẹjọ. Lọ́jọ́ kẹwàá ẹ̀gbọ́n pè mí, ó ní ti ẹ̀gbẹ́ ògiri ò hù o, bóyá hóró yẹn ò dáa, ṣé kó ra òmíì kó fọ́n lé e? Mo ní bluegrass kì í yá, ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 ló máa ń gbà, ẹ má fọ́n nǹkan kan, ẹ máa jẹ́ kí ilẹ̀ tutù. Ó ní ó dáa, ohùn ẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ gbà mí gbọ́.

Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, fọ́tò wọlé. Ó ti sún mọ́ ilẹ̀ débi pé mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tí mò ń wò, ilẹ̀ dúdú, etí agolo kan lápá òsì, àti nǹkan aláwọ̀ ewé tín-ín-rín bí irun ọmọ tuntun. Ohun tó kọ sábẹ́ ẹ̀ ni "Àbúrò, wá wò ó."